Ibi tí Mo Fi Ariwo Omi Pamọ́ Sí

Ní ìlú tí wọ́n ti bí mi, òkun la fi ń júwe ọ̀nà. Wọ́n á ní kó o kọjú sí omi, kó o yà sọ́wọ́ ọ̀tún, tàbí kó o ka ilé kẹta sí omi. Àwa Ìlàjẹ tó wà létí òkun gan-an, a ò ní òkè, a ò ní ọ̀nà ọ̀dà, ilẹ̀ pàápàá ò tó wa. Orí òpó la kọ́lé sí, pákó la sì ń gbà láti ilé dé ilé. Nígbà tí mo wá dé Benin, tí mo bi obìnrin kan léèrè ọ̀nà, tó ní kí n gun Ikpoba Hill lọ sókè kí n tó yà, ńṣe ni mo dúró tí mò ń wò ó. Mi ò mọ ibi tí mo kọjú sí. Ìlú tí kò ní òkun, báwo lèèyàn ṣe ń mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn níbẹ̀?

Ẹ má bi mí bí mo ṣe débẹ̀. Mọ́tò ló gbé mi, iṣẹ́ ló pè mí, ó tán. Ohun tí mi ò gbàgbé ni ilẹ̀ pupa yẹn. Kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó pé, gbogbo aṣọ funfun mi ti di aláwọ̀ osùn, mo fọ̀ ọ́ títí, kò gbọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, ọmọ onílé kúnlẹ̀ níwájú mi, ó kí mi lédè wọn, mo sì dá a lóhùn ní Yorùbá. Ọmọ ò dìde. Mo tún dá a lóhùn, kò dìde. Ìyá rẹ̀ ló wá ṣàlàyé fún mi pé ìdílé kọ̀ọ̀kan ní Benin ló ní kíkí àárọ̀ tiẹ̀, ọmọ náà sì ń dúró kí n dáhùn bó ṣe yẹ. Orúnkún ọmọ ọlọ́mọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Iṣẹ́ fọ́níṣọ̀ ni mò ń ṣe. Abẹ́ ọ̀gá kan ní Ikpoba Hill ni mo kọ́kọ́ wà, kí n tó gba ṣọ́ọ̀bù tèmi sí Ekenwan Road. Ohun tó sọ mí dèèyàn nílùú yìí ni pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan pamọ́. Àwọn ará Benin fẹ́ràn ilé tó dùn ún wò. Bí wáyà tẹlifíṣàn bá rọ̀ sára ògiri, wọ́n á pè mí. Sílíńdà gáàsì, bátìrì ínfátà, páìpù tó gba àárín ilé ìdáná kọjá, gbogbo ohun tí kò dáa lójú, èmi ni mò ń kan àpótí bò ó. Àwọn kan ò mọ orúkọ mi rárá, "Yoruba wey dey hide things" ni wọ́n ń pè mí. Mo máa ń ṣe bíi pé kò jọ mí lójú, àmọ́ orúkọ yẹn dùn mọ́ mi.

Kí n tó fẹ́ Isoken, ìyàwó mi tó jẹ́ ọmọ Benin, ọjọ́ Sunday máa ń gùn jù fún mi. Tá a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì àwa Yorùbá, tí wọ́n ti fi ẹnu mi ṣe yẹ̀yẹ́ tán, tí wọ́n ní omi ló kún inú Yorùbá Ìlàjẹ tí mò ń sọ, màá rìn lọ sídìí odò Ikpoba, màá dúró lórí afárá. Odò náà dáa. Àmọ́ odò ń lọ ni. Tó bá ti kọjá lára ẹ, ó ti kọjá nìyẹn. Òkun ní tiẹ̀ á lọ, á tún padà wá wò ẹ́. Èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi tó máa ń padà wá, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ bá èyí tí kì í bojú wẹ̀yìn ṣọ̀rẹ́. Màá wò ó títí ebi á fi pa mí, màá sì padà sílé.

Fóònù ló wá di òkun mi. Tí mo bá pe ìyá mi nílé, kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀ ni màá ti gbọ́ omi lẹ́yìn rẹ̀: hùùù, á dákẹ́, hùùù. Màá bi í léèrè ara rẹ̀, màá bi í léèrè ilé. Ilé yẹn, èmi ni mo fọwọ́ ara mi kàn án, látorí òpó dé páànù, fèrèsé tó kọjú sí omi nìkan gbà mí ní odindi ìsinmi kan. Ìyá mi á ní ilé ń bẹ bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Àmọ́ etí mi kì í ṣe etí àlejò. Lọ́dọọdún ni omi yẹn ń dún kíkankíkan sí i nínú fóònù. Àtìgbà tí mo ti gbọ́njú ni òkun ti ń jẹ ìlú wa. Ilé ìwé tí mo lọ ti wà nísàlẹ̀ omi tipẹ́. Nígbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn, ilé méjì péré ló kù láàárín ilé wa àti etí omi. Mo bẹ ìyá mi pé kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ó ní ta ló máa bá òun ṣọ́ ilé?

Nǹkan kan máa ń ṣe ẹni tó bá pẹ́ lẹ́yìn odi. Ní Benin, ọmọ Yorùbá ni mí. Nílé, ará Benin ni wọ́n ń pè mí, wọ́n á tún máa bi mí bóyá mo ṣì lè jẹ púpurú. Ọmọ mi obìnrin, Tèmi, gbọ́ gbogbo ohun tí mo bá sọ ní Yorùbá, Pidgin ló fi ń dá mi lóhùn. Mo ti bá a jà sí i, mo ti bẹ̀ ẹ́, mo ti fi súìtì lọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kan ó wò mí tàánútàánú, ó ní, "Daddy, I dey hear you na." Òótọ́ ni, ó ń gbọ́ mi. Kí ni mo tún ń fẹ́? Mo mọ ohun tí mò ń fẹ́, mi ò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fọ́mọdé ni. Mo fẹ́ kí ibì kan wà láyé yìí tí mi ò ti ní máa ṣàlàyé ara mi.

Nígbà tí òjò ń parí lọ lọ́dún tó kọjá, àbúrò ìyá mi tá à ń pè ní Ìyá Bọ́sẹ̀, tó ń gbé ní Igbókòdá, pè mí lórí fóònù. Ó ní màmá fẹ́ wá kí ọmọ-ọmọ rẹ̀, pé ó máa lo ọjọ́ díẹ̀. Inú mi dùn débi pé mi ò béèrè ohun tó yí i lọ́kàn padà. Ó dé pẹ̀lú báàgì Ghana-must-go méjì, àti àwòrán bàbá mi olóògbé tó máa ń wà lára ògiri. Mo bi í bóyá àwòrán náà wá kí wa ni. Ó ní ikán ló fẹ́ jẹ ẹ́. Isoken kúnlẹ̀ kí i, ìyá mi sì gbé e dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó gbá a mọ́ra. Kò fi orúnkún ìyẹn ṣòfò bí mo ṣe fi ti ọmọ onílé ṣòfò.

Ó bá wa gbé dáadáa. Pidgin díẹ̀díẹ̀ lòun àti Isoken fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, èyí tí Pidgin ò bá sì gbé, wọ́n á fi ẹja ṣàlàyé ẹ̀ nínú ìkòkò. Àmọ́ ìyá mi ò sùn. Láàárọ̀, ojú rẹ̀ á ti wú. Lọ́sàn-án, á jókòó sí fàráńdà, á di ojú, á tún là á. Mo ní ṣé jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kejì ló ń dí i lọ́wọ́ ni. Ó ní rárá o, ariwo ò ṣe òun ní nǹkan kan. Ó ní ìlú yìí ń pariwo lóòótọ́, àmọ́ kò mí. Omi tí wọ́n bí òun sétí ẹ̀ máa ń mí, tó bá mí síta, òun náà á mí síta, ibẹ̀ ni oorun ti máa ń gbé òun lọ. Nígbà tó lo bí oṣù kan, ó ní òun fẹ́ máa lọ sílé.

Mo ń rí i lọ́kàn mi, òun nìkan nínú ilé yẹn, tí omi ń kan ilẹ̀kùn. Kò sóhun tí mo fẹ́ láyé bíi pé kí ìyá mi má padà sínú ilé náà mọ́. Mi ò sì lè fipá dá a dúró. Ìyá mi kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń tì í. Tó o bá tì í, ibi tó ń lọ ló máa yára dé. Ẹ̀tàn tàbí ìfẹ́, ọ̀kan nínú méjèèjì ni mo máa fi dá a dúró, mo sì rò pé mo ti rí ohun tó jẹ́ méjèèjì pọ̀.

Kọ́sítọ́mà mi kan wà ní Uwasota, dókítà obìnrin, ọmọ Èkìtì. Ó ní àpótí ẹja onígíláàsì kan ní pálọ̀ rẹ̀, omi oníyọ̀ ló wà nínú ẹ̀ bíi ti òkun, èmi ni mo kan kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n gbé e lé. Nígbà tí òun náà ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sókè òkun, ó ní kò sẹ́ni tí òun lè fi nǹkan náà lé lọ́wọ́ bí kò ṣe èmi tí mo mọ inú ẹ̀. Ó kó gbogbo ẹ̀ fún mi: gíláàsì gbàgùdù náà, òkúta, ìyẹ̀fun iyọ̀ tí wọ́n ń pò mọ́ omi, ẹja kéékèèké méjì aláwọ̀ ọsàn tó ní ìlà funfun lára, àti páálí kan tí oríṣiríṣi fíltà kún inú ẹ̀. Mo sọ fún ìyá mi pé kó fún mi lọ́sẹ̀ méjì sí i, pé mo fẹ́ fi nǹkan kan hàn án. Ó ní ó dáa.

Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì sin ẹja inú omi iyọ̀ rí, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín: ẹja kì í ṣe iṣẹ́, fíltà niṣẹ́. Ẹja ń jẹun, ó ń yàgbẹ́ sínú ibi tó ń gbé, bí ohun tó ń sẹ́ omi náà ò bá dáa, láàárín ọjọ́ mélòó kan gbogbo wọn á léfòó. Fíltà mẹ́ta ló wà níwájú mi. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn gíláàsì. Á fa omi, á sẹ́ ẹ, á tún dà á padà bí ẹ̀rọ omi tí wọ́n gbàgbé láti tì. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ gbogbo ará ilé ló ń rí i, wọ́n sì ń gbọ́ ọ. Ìkejì dà bíi garawa tó ní ìdérí, okùn rọ́bà méjì ló so ó mọ́ omi lókè, ó sì dákẹ́ bí òkú. Tó bá jẹ́ ìlú tí iná kì í lọ ni, òun ni ǹ bá mú. Àmọ́ iná Benin ń lọ. Tí iná bá sì lọ fún wákàtí mélòó kan, omi tó há sínú garawa náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Tí iná bá dé, á da gbogbo májèlé yẹn sórí ẹja.

Ẹ̀kẹta ni mo mú. Àpótí gíláàsì mìíràn ni, èyí tó kéré, tó máa wà nísàlẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù tuntun tí mo fẹ́ kàn fún un. Omi á ti òkè gba inú páìpù já bọ́ sínú ẹ̀, á gba inú aṣọ kọjá, á gba ẹ̀rọ kan tó ń hó ìdọ̀tí jáde bí ìfófòó ọṣẹ, á gba àárín òkúta, kí póńpù tó wá tì í padà sókè. Ohun tó wù mí nínú ẹ̀ ni pé gbogbo pálapàla yẹn á wà nísàlẹ̀, lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lókè, omi àti ẹja nìkan lèèyàn á máa wò. Iṣẹ́ mi gan-an nìyẹn.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dán an wò, mo pọn omi kún ìsàlẹ̀ jù. Ó ń ṣiṣẹ́ fínnífínní, àfi bí iná ṣe lọ. Póńpù dúró, omi òkè ò dúró, ó ń já bọ́ ni, àpótí ìsàlẹ̀ sì kún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lọ sí pálọ̀. Isoken gbé aṣọ ìnulẹ̀, ó sì ń bá mi wí lédè Benin, èyí tó máa ń fi sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tó bá le. Ìyá mi ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè lórí àga, ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi, ìgbà àkọ́kọ́ tó rín bẹ́ẹ̀ látìgbà tó ti dé.

"Òkun mà tẹ̀lé mi dé Benin," ó ní.

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Òun ló kọ́kọ́ dákẹ́, ó ń wo bí omi náà ṣe ń wọ abẹ́ àga. Mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Mo dín omi ìsàlẹ̀ kù, mo fi àyè sílẹ̀ fún èyí tó máa wá tí iná bá lọ, wàhálà yẹn sì tán. Mo wá kọjú sí ìpamọ́ gan-an. Mo kun ẹ̀yìn gíláàsì ní dúdú kí wọ́n má baà rí wáyà. Mo to òkúta bo ẹnu páìpù. Mo fi pákó ọ̀gánwó ṣe kọ́bọ́ọ̀dù náà, ilẹ̀kùn rẹ̀ ò ní ọwọ́, téèyàn bá tì í díẹ̀ á ṣí fúnra rẹ̀, tí kò bá sì mọ̀, á rò pé ògiri ni. Mo lu ihò sẹ́yìn kí ooru póńpù lè ráyè jáde. Ó wá ku ariwo. Omi tó ń já bọ́ nínú páìpù ń dún gbùgbù, gbùgbù, ó sì ń mí kùn-ún láàárín. Mo tẹ́ rọ́bà sábẹ́ póńpù. Mo lẹ fóòmù mọ́ inú ilẹ̀kùn. Mo fi kọ́ọ̀kì kan, irú èyí tí wọ́n fi ń ti ẹ̀rọ omi, há páìpù náà díẹ̀díẹ̀ títí omi fi kún inú ẹ̀ dọ́gba, tí afẹ́fẹ́ ò ráyè wọ̀ ọ́ mọ́. Nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn, tí mi ò gbọ́ nǹkan kan, mo bọ́ fìlà, mo kí ara mi kú iṣẹ́. Mi ò tíì fi nǹkan pamọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo pe ìyá mi wá. Ó wò ó pẹ́, ó dúpẹ́, ó gbàdúrà fún ọwọ́ mi. Tèmi ń fi orúkọ tó sọ ẹja méjèèjì hàn án. Ìyá mi ti ìka bọ omi, ó fi kan ahọ́n. Ó ní iyọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ló wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé òkun wa ò mọ́ báyìí. Òtítọ́ ni. Òkun tiwa, ẹrẹ̀ ló ń pò, àwọ̀ rẹ̀ jọ tíì tí wọ́n fi mílíìkì sí. Mo ti ṣe òkun tí wọ́n ń yà sínú kàlẹ́ńdà fún obìnrin tó mọ òkun. Ó dùn mí díẹ̀, mi ò ní purọ́, àmọ́ mo ní á mọ́ ọn lára.

Láti ọjọ́ kejì ni ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Tí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù dé lálẹ́, màá bá a ní ṣíṣí gbayawu, gbogbo páìpù àti wáyà tí mo fi ọ̀sẹ̀ méjì bò á wà níta. Màá tì í. Lọ́jọ́ kejì, á tún ṣí. Mo fajú ro sí Tèmi, ó ní òun kọ́ o. Mi ò gbà á gbọ́, nítorí ta ló tún kù? Ni mo bá gbé síkúrù, mo fi mẹ́rin de ilẹ̀kùn náà pa, mo ní tí mo bá fẹ́ fọ aṣọ fíltà, màá máa tú u. Ara mi balẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ìyá mi ti kó aṣọ rẹ̀ jáde, ó ń ká a sínú báàgì. Ó ní òun ti gbádùn, kí Ọlọ́run bùkún ilé wa, àmọ́ òun fẹ́ lọ ní Monday. Ojú rẹ̀ ti tún wú. Mo wọ iyàrá lọ bá Isoken, mo ní mi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe. Isoken ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní kí ni mo rò pé ó máa ṣẹlẹ̀, nígbà tí mo ti fi síkúrù de ibi ìsùn màmá pa. Mo ní ibi ìsùn wo? Ó wá wò mí, ó rí i pé mi ò mọ̀ lóòótọ́. Ó ní tí gbogbo wa bá ti jáde lọ́sàn-án, ìyá mi á gbé àpótí ìjókòó kékeré lọ síwájú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, á ṣí ilẹ̀kùn, á fara ti ògiri, á sì sùn fọnfọn. Òun ti bá a bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nígbà tí òun tètè dé. Ó rò pé mo mọ̀, pé nítorí kọ́bọ́ọ̀dù mi ni mo ṣe de ilẹ̀kùn mọ́ ìyá arúgbó. Látìgbà náà ló ti ń bínú sí mi, tó ń jẹ́ kí ọbẹ̀ mi jóná, tí èmi sì rò pé ó kàn ń ṣèèṣì ni.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo ohun tí ìyá mi fẹ́ nínú òkun tí mo ṣe fún un, mo ti fi fóòmù dí i lẹ́nu.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Sátidé, mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo gbé ìtúsíkúrù, ìyá mi jókòó sórí àga, ó ń wò mí, báàgì rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo tú síkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mi ò ṣí ilẹ̀kùn náà, mo yọ ọ́ kúrò pátápátá, mo gbé e sẹ́yìn ilé. Mo ya fóòmù dànù. Mo dá kọ́ọ̀kì padà sẹ́yìn títí omi fi ń já bọ́ bó ṣe wù ú, gbùgbù, kùn-ún, gbùgbù. Pálọ̀ wa wá jọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Ìyá mi mí síta. Mo rí èjìká rẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀.

Mo wá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sọ ohun tí mo ti rò láti òwúrọ̀. Mo ní, "Màmá, tó bá jẹ́ ilé lẹ ṣì fẹ́ lọ, mi ò ní dá yín dúró. Mo ti bá onípákó sọ̀rọ̀. Màá tẹ̀ lé yín ní Monday, màá ri òpó tuntun sábẹ́ ilé, kó lè ga ju omi lọ."

Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí.

"Má ra òpó kankan, ọmọ mi. Kò síbi tó o máa ri í sí."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé iyọ̀ ti tán nílé. Ó ní ilé náà ti lọ kí òun tó wá. Òun wà níbi tí àwọn ti ń yan ẹja lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú òjò, àwọn ará àdúgbò sì pe òun pé kí òun wá wò ó. Ó ní ilé náà ò wó rárá, mo kàn án dáadáa. Ó rọra tẹ̀ síwájú ni, pẹ̀lú fèrèsé rẹ̀ àti ohun gbogbo, omi sì gbé e lọ lódindi. Àwòrán bàbá mi àti aṣọ díẹ̀ ni wọ́n bá òun sáré mú jáde. Òun àti Ìyá Bọ́sẹ̀ ló fẹnu kò pé kí wọ́n má sọ fún mi.

Gbogbo àwa ará ìlú wa tó wà ní Benin ló mọ̀, àfi èmi. Mo rántí bí wọ́n ṣe ń bi mí léèrè màmá ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ń wo ilẹ̀. Mi ò lè bínú sí wọn. Bá a ṣe ń ṣe nìyẹn: ẹni tó wà lẹ́yìn odi, a kì í fi òfò ránṣẹ́ sí i. A óò ní ara le, a óò ní kò séwu, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi délé, tí ẹni tó máa dì í mú á wà nítòsí. Èmi náà ti ṣe é fún àwọn ẹlòmíràn. Mo sunkún. Mo sunkún nítorí ilé yẹn, mo sì sunkún nítorí pé ìyá mi ti dá òfò náà gbé láti ìgbà yẹn, nínú ilé mi, nídìí tábìlì tí mo ti ń jẹun.

Nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, mo bi í pé níbo ló wá ń lọ ní Monday. Ó ní yàrá kan tí Ìyá Bọ́sẹ̀ ń gbé ní Igbókòdá ni. Mo ní kí ló dé, ṣé ilé tiwa ò tó fún un ni? Ó ń wo omi tó ń já bọ́, kò wo ojú mi.

"Ẹni tó bá nílé tó lè padà sí ni wọ́n ń bẹ̀ pé kó dúró," ó ní. "Ẹni tí kò ní, wọ́n kàn ń gbà á sílé ni. Èmi fẹ́ kí ẹ bẹ̀ mí."

Mo dìde. Mo nu ojú mi. Mo tún ṣẹ́ẹ̀tì mi kì bọ ṣòkòtò, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí táìsì níwájú ìyá mi, àyà mi kan ilẹ̀. Isoken yọjú láti ilé ìdáná. Kò mọ ohun tá à ń sọ, àmọ́ ó rí mi nílẹ̀, ó ju ṣíbí sílẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ tì mí.

"Ìyá mi," mo ní, "mo fi bàbá mi bẹ̀ yín, ẹ má tíì padà sílé. Mo mọ̀ pé ilé yín dáa. Mo mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ò sí níbí. Àmọ́ ẹ ṣàánú wa, ẹ bá wa gbé. Ilé á dúró dè yín."

Ìyá mi jókòó dáadáa sórí àga. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ò rọrùn o, nítorí ẹja wà nílẹ̀ láti yan, fèrèsé tó kọjú sí omi sì ń fẹ́ kí wọ́n máa tì í lọ́sàn-án. Ó ní ta ló máa bá òun ṣọ́ ilé? Mo ní a óò rí ẹnì kan. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Isoken ní, "Mama, abeg, no go."

Ó wo èmi, ó wo ìyàwó mi, ó wo báàgì méjèèjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó dáa," ó ní, "ẹ jẹ́ kí n rò ó wò."